Eré jẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ku máratọ́ọ̀nù: ṣé aago la máa wò ni, àyà ni, àbí ká fi ẹnu wọ̀n ọ́n?

Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù Èkó rí á mọ ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí. Ẹ ti dín eré kù, ẹsẹ̀ tó ti ń ro yín láti bíi Kérésì ti fúyẹ́, ara yá gágá, ẹ wá jáde láàárọ̀ kùtù ẹ ní ẹ kàn fẹ́ sáré jẹ́jẹ́, títì tẹ́jú, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ ti ń lé ọ̀kadà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé "ẹ rọra sá o", kò sẹ́ni tó ń sọ bí èèyàn ṣe máa mọ̀ pé jẹ́jẹ́ náà lòun ń sá.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti gbìyànjú ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí: aago tó ń ka péèsì (ìyẹn ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ń sá kìlómítà kan), aago tó ń ka lílù ọkàn, ẹnu lásán, àti ká sáré díẹ̀ ká rìn díẹ̀. Mo máa fi wọ́n wé ara wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní díbọ́n pé wọ́n dọ́gba, torí wọn ò dọ́gba. Kí ẹ sì má baà rò pé eléré ìdárayá gidi kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀, aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Àjé, ọdún 43 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, wákàtí 5 dín díẹ̀ ni mo fi ń parí 42.195 kìlómítà.

Kí ló dé tí jẹ́jẹ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Eré líle tí èèyàn bá sá lónìí, èrè rẹ̀ kì í jáde lọ́la, ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó fi hàn, torí náà eyín tí ẹ bá pa pọ̀ tí ẹ fi sáré lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, kò sóhun tó máa ṣe fún yín lọ́jọ́ Sátidé, àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa bá yín wọ mọ́tò dé Èkó. Èkejì, inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó agbára tó ń rí nínú iṣu àti ìrẹsì pamọ́ sí, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an la sì ń kó o jọ. Eré kíkankíkan ló ń jẹ ẹ́ tán kíákíá, eré jẹ́jẹ́ máa ń lo ọ̀rá ara mọ́ ọn. Tí ẹ bá ń jẹun dáadáa lálẹ́ tí ẹ tún ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé láàárọ̀, ẹ ń pọnmi sínú kòròbà tó ń jò nìyẹn. Bọ̀dá télọ̀ tí a jọ ń sáré, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó yé mi jù, wọ́n ní "aṣọ ẹgbẹ́ tí mo bá rán fún ẹ fún Ojúde Ọba, ṣé wàá wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ni?"

Ẹ má sì dáwọ́ dúró pátápátá náà o. Ọjọ́ tí ẹ ń jáde lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, kìlómítà ló máa dín, ó lè dín sí ìdajì tàbí kó tún kéré sí i.

Aago tó ń ka péèsì

Èyí ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ mú péèsì tí ẹ fẹ́ fi sá máratọ́ọ̀nù, ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kún un lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ parí ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀, 4:59 ni péèsì rẹ̀, jẹ́jẹ́ rẹ̀ á wà láàárín 6:00 sí 6:30. Ẹni wákàtí mẹ́rin ń sá 5:41, kó wà ní bíi 6:40 sí 7:10. Ẹni wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ń sá 6:24, jẹ́jẹ́ tiẹ̀ á wà ní bíi 7:25 sí 7:55. Tó bá wá kan èmi àti irú mi, àwa oníwákàtí márùn-ún, 7:07 ni péèsì wa, ibẹ̀ ni ìṣirò ti dàrú, torí tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kún un ó ti di 8:37, ìyẹn ò sì jìnnà sí ẹni tó ń rìn kánkán kí mọ́tò má baà fi sílẹ̀ ní gáréèjì. Fún irú wa, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 40 ti tó láti fi kún un, tàbí ká lo ọ̀nà kẹrin.

Àléébù rẹ̀ ni pé aago ò mọ ooru. Ó mọ ibi tí ẹ wà àti bí ẹ ṣe yára tó, ó parí. Kò mọ̀ pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù tí oòrùn ti ń ta yín lẹ́yìn ọrùn, kò mọ̀ pé ẹ̀ ń gun òkè, kò mọ̀ pé ẹ ò sùn dáadáa torí wọn ò mú iná wá. Péèsì 7:30 ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ àti péèsì 7:30 ní aago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èyí tó tún burú jù, nọ́ńbà máa ń dùn ún wò. Lọ́dún kan, lọ́jọ́ Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 8 ni mo fẹ́ sá ní 7:30. Kìlómítà àkọ́kọ́, 7:20, mo ní kò burú. Èkejì, 6:55, ara ò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀kẹta, 6:30, mo bá ń rẹ́rìn-ín sí aago bí ẹni tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn, 6:08. Mo délé mo ń júwe fún ọkọ mi pé ọdún yìí á dáa gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ mi kú ní bíi kìlómítà 27, mo fi ìrìn parí ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù. Mi ò ní parọ́, kì í ṣe ọjọ́ Wẹ́sìdé nìkan ló fà á, mo tún yára jù níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Wẹ́sìdé yẹn náà ló sọ fún mi pé mo lè yára.

Ẹ wá wo Kipchoge, sárésáré ọmọ Kẹ́ńyà. 2:01:09 ló fi sá máratọ́ọ̀nù Berlin lọ́dún 2022, ìyẹn bíi 2:52 fún kìlómítà kan. Àwọn sárésáré Kẹ́ńyà tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá jáde fún eré ìdẹ̀ra ara láàárọ̀, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní péèsì tó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwa tí a ń sá 7:07 la wá ní kí jẹ́jẹ́ wa jẹ́ 6:50.

Aago tó ń ka lílù ọkàn

Ó sàn ju ti péèsì lọ torí ó mọ ooru. Tí oòrùn bá mú, ọkàn á yára lù bí ẹsẹ̀ ò tilẹ̀ yára, aago á sọ fún yín, ẹ máa dín eré kù. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé ẹ fi ọjọ́ orí yín yọ kúrò nínú 220, ìyẹn ni bí ọkàn yín ṣe lè lù tó níṣẹ́jú kan, ẹ wá má jẹ́ kí eré jẹ́jẹ́ kọjá bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fún èmi ọmọ ọdún 43, 177 ni, ìdá 75 rẹ̀ jẹ́ 133. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìṣirò gbogboogbò ni, ọkàn ẹlòmíì fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju èyí tí ìṣirò sọ, ti ẹlòmíì kéré sí i, ẹ lè máa pa ara yín mọ́ sí nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín.

Aago ọwọ́ náà tún máa ń ṣìnà. Tí okùn rẹ̀ bá dẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ̀ dípò ọkàn. Mo wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, mò ń sáré bí ìgbín, aago ní 166, ẹ̀rù bà mí, mo dúró, mo fi ìka méjì sí ọrùn mo kà á fúnra mi, kò tó 130. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkàn wọn eré gidi, kó ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Ẹ tún rántí pé obì wà níbẹ̀ o, ẹni tó bá jẹ obì kó tó jáde, ọkàn rẹ̀ á máa lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdùnnú àti ìpayà ọ̀sẹ̀ yẹn, èyí tí kò sẹ́ni tí kò ní in.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí lílù ọkàn ń ṣe tí kò sí ọ̀nà míì tó lè ṣe é. Kí ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ẹ kà á. Tèmi máa ń wà ní bíi 58. Lọ́jọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ máratọ́ọ̀nù kan mo jí bá 71, ara ò gbóná, orí ò fọ́, mi ò sì mọ nǹkan kan lára. Mi ò sáré, kẹ́mísì ni mo gbà lọ, wọ́n gún mi níka, ibà ni. Ká ní péèsì nìkan ni mò ń wò, mi ò bá ti jáde lọ sáré kìlómítà 6 pẹ̀lú ibà lára.

Ẹnu lásán

Òun ni mò ń lò báyìí, mi ò fi bò. Àwọn tó mọ̀ nípa eré sísá sọ pé tí èèyàn bá lè sọ gbólóhùn tó gùn láìdánu dúró kó mí, jẹ́jẹ́ ló ń sá. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì méjì ló ń jáde, ó ti yára jù. Tó bá lè kọrin, jẹ́jẹ́ pátápátá ni. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí báátìrì tó ń kú, ó mọ ooru, ó mọ òkè, ó mọ̀ pé ẹ ò sùn.

Àwa tí a ń sáré nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ọlọ́run sì fún ní ìrọ̀rùn jù níbẹ̀, torí kò sí bí ẹ ṣe máa sáré kọjá lójú títì láàárọ̀ tí wọn ò ní kí yín. Màmá alákàrà kan wà lójú ọ̀nà mi, aago mẹ́fà ni wọ́n ti máa ń da epo sí agbada. Ìkíni wọn kì í ṣe kékeré.

"Ẹ kú eré o."

"Ẹ ṣé mà, ẹ káàárọ̀ mà."

"Ṣé dáadáa la jí? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà mà. Wọ́n ní ká kí yín mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wọlé síléèwé?"

"Wọ́n ti wọlé mà, a dúpẹ́ mà. Ọjà á tà o."

"Àṣẹ. Rọra máa sá a o ọmọ mi."

Gbogbo èyí, mò ń sáré lọ ni o, mo kàn tẹ orúnkún díẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá, ohùn sì ń bá mi lọ títí mo fi kọ́nà. Tí mo bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìmí hẹlẹ, eré mi dáa. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọjọ́ 6:08, ọwọ́ nìkan ni mo jù sókè sí wọn. Nígbà tí mo wá ra àkàrà lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, o ò kí èèyàn mọ́." Ojú tì mí, àmọ́ mo tún rò ó, mo ní màmá yìí ti rí i kí èmi tó rí i.

Àléébù tirẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá ń dá sáré níbi tí kò sí èèyàn, bíi ọ̀nà oko lápá Ìṣarà tàbí Ìpẹru kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní rí ẹni tó máa kí i, á máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè ni. Tí ẹ bá sì ń bá ẹni tó yára jù yín lọ sáré, ẹ máa máa parọ́, ẹ ó kó ọ̀rọ̀ pọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan kí ó má baà mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Mo ti ṣe é fún Bọ̀dá télọ̀ rí. Ẹni tí ikọ́ fée tàbí kátá ọyẹ́ bá ń dà láàmú, èémí rẹ̀ ò lè sọ òótọ́ fún un, kí onítọ̀hún wo lílù ọkàn.

Ká sáré díẹ̀, ká rìn díẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́rin eré, ìṣẹ́jú kan ìrìn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó máa lo wákàtí márùn-ún àbọ̀ sókè, mo rò pé òun ló dáa jù lọ́sẹ̀ yẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé báyìí náà ló ṣe fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù yẹn. Ìrìn yẹn ló ń fa ọkàn wálẹ̀ kó tó lọ jù. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé torí àwọn èèyàn mọ̀ pé àwọn máa rìn, wọ́n á sáré bí ẹní jalè nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ó ti parí. Èkejì ni ojú títì, àwọn ọmọ iléèwé tó bá rí yín tí ẹ ń rìn á ní "ó ti rẹ̀ wọ́n o!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ẹ fi eléyìí kún èyíkéyìí tí ẹ bá mú: lọ́jọ́ Túsìdé tàbí Wẹ́sìdé, tí ẹ bá ti parí eré jẹ́jẹ́, ẹ lè yára sá ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ rìn dáadáa láàárín wọn. Kì í ṣe ìdíje. Ó kàn wà kí ẹsẹ̀ má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yára ni.

Ó tún kù, ìwúwo. Ní Tọ́sìdé sí Fúráìdé, ara yín máa wúwo, ẹ lè fi kílò kan tàbí méjì sanra lórí ìwọ̀n. Omi ni. Agbára tí ara bá kó pamọ́ sínú iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Mo ti rí ẹni tó tìtorí ìwúwo yẹn jáde lọ sáré kìlómítà 10 nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdé, ó ní òun fẹ́ fúyẹ́. Gbogbo ohun tó ti ń jẹ láti ọjọ́ Mọ́ńdè ló lọ jó dànù. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo máa ń jẹ lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ata rẹ̀ díẹ̀, ẹja rẹ̀ díẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Sọ́ńdè, kíkan rẹ̀ yẹn kò bá ikùn ẹni tó máa sáré wákàtí márùn-ún mu, bó ti wù ká fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ọjọ́ Fúráìdé ńkọ́, ká sinmi ni àbí ká sáré?

Ibí ni ẹnu kì í ti í kò. Ẹni tó ń gbé Èkó tó lè jókòó sílé, kó sinmi tó bá wù ú, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Àwa tí a ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. A máa wọ mọ́tò, orúnkún á wà níbi àgbọ̀n fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta tí gosiló bá mú wa ní Berger, nígbà tí a bá fi máa bọ́ọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ti le bí igi. Èmi ò sáré kí n tó kúrò nílé, mo máa ń dé ibi tí mo máa sùn sí ná, kí n mu omi, kí n wá sáré ìṣẹ́jú 15 péré lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí mi ò bá lè sáré mo máa rìn. Bọ̀dá télọ̀ kì í sá rárá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn á na ẹsẹ̀ sórí ògiri, wọ́n sì máa ń ṣáájú mi dé Eko Atlantic lọ́dọọdún, torí náà ẹ má ka tèmi sí òfin.

Tí wọ́n bá ní kí n yan fún èèyàn, báyìí ni mo ṣe máa yàn. Ẹni tí eléyìí jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, kó lo ẹnu, kó gbé aago sílé lọ́sẹ̀ yẹn, tí kò bá lè gbé e sílé kó fi aṣọ bò ó lójú. Ẹni tó ti sá bíi mẹ́rin márùn-ún tó mọ ara rẹ̀ tí kì í figagbága pẹ̀lú nọ́ńbà, péèsì ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ kó jẹ́ láàárọ̀ kùtù nìkan. Lílù ọkàn, kí gbogbo èèyàn kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n lójú títì kó wà fún ẹni tó ní bẹ́líìtì àyà. Ẹni tó bá ju wákàtí márùn-ún àbọ̀ lọ, kó fi ìrìn kún un.

Ẹnu náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, mo rí i lọ́jọ́ Fúráìdé tí mo kọ́kọ́ sùn sí Sùúrùlérè, nítorí kí n má baà jìnnà sí National Stadium tí a ti ń gbéra. Mo jáde nírọ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 mi, mo sáré kọjá ilé bíi ogójì, kò sẹ́ni tó kí mi, kálukú ń bá tiẹ̀ lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe ń yára tó mọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ẹgbẹ́ wa, ohùn mi ò dùn, àmọ́ ó ń jáde láìgé. Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò gbé orí sókè, ó wò mí títí, ó ní "Màdáámù, ṣé kò sí o?" Mo ní "kò sí o, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó ní wọ́n wà.